Òwìwí Ẹ̀yìn Fèrèsé

Orí àga ni wọ́n bá a láàárọ̀, ó kọjú sí fèrèsé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ bíi ti ẹni tó ń retí àlejò. Ife páànù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo. Kọ́kọ́rọ́ ńlá kan tó ti dípẹtà wà lórí itan rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kí i káàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bi í pé kí ni ibùsùn fi ṣe é tó fi sun orí àga, kó tó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Èjìká náà tutù bí irin.

Ọjọ́ kẹtàlá tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣọ́ ilé ọkà ńlá tó wà lẹ́bàá ojú irin. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ wó ibẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì fínnúfíndọ̀ kó wá gba fọ́ọ̀mù, àwọn yóò san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́, àwọn yóò gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó gba fọ́ọ̀mù. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Aránṣọ, mo ti fẹ̀yìn tì," bí ẹni tó ní òun ti jẹun. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà nítorí ẹ̀rọ tó máa ń kùn lójú fèrèsé rẹ̀ látàárọ̀, ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn, ọkùnrin náà kan àpótí pákó kan mọ́ abẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé, ó ní òun ń dí ihò òjò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á jókòó sójú fèrèsé, á máa fi kọ́kọ́rọ́ lu ife páànù rẹ̀. Aránṣọ rò pé ọwọ́ tí kò níṣẹ́ mọ́ ló ń ṣeré.

Wọn ò tíì kó àga olùbánikẹ́dùn kúrò lójúde tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fà nílẹ̀ bí ejò inú koríko, nígbà tó yá ó nàró. Ọkùnrin tó lè gbé àpò ọkà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ló lé e kúrò níbi iṣẹ́? Ta ni owó ìfẹ̀yìntì máa bọ́ sí lọ́wọ́? Ife tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n bù sínú rẹ̀ mu tó fi ṣófo? Ní oṣù yẹn kan náà, oyún bàjẹ́ lára ìyàwó ẹ̀gbọ́n olóògbé, ibà sì dá ọmọ wọn àgbà gúnlẹ̀. Ẹyẹ kan wà pẹ̀lú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wá bà sórí òpó ọgbà lẹ́yìn ilé Aránṣọ, òwìwí olójú funfun, á kọjú sí fèrèsé olóògbé, á ké. Igbe náà dà bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ tuntun ya.

"Ẹyẹ ké nírọ̀lẹ́, ọkọ kú kílẹ̀ tó mọ́," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì tó múlé gbè é wí. "Ẹ tún fẹ́ kí ẹnìkan wá túmọ̀ rẹ̀ fún yín?"

Ohun tí Aránṣọ ń wá kò ju ìbuwọ́lùwé méjì lọ. Ọ́fíìsì ní ìyá olóògbé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun ni ìyàwó rẹ̀, òun ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ́fíìsì yóò ti ilẹ̀kùn pátápátá, ìwé tí kò bá sì pé yóò lọ sí olú ilé iṣẹ́, níbi tí ìwé ti ń wọlé tí kì í jáde. Wọ́n ti dá àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà sílé láti ilé ìwé. Onílé ti ń kí i lákìíjù.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n jókòó nínú yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jẹ́ kápẹ́ńtà, ọkùnrin tí pẹ́ńsù pupa pẹlẹbẹ kan kì í kúrò létí rẹ̀. Òun ló fi ń sàmì sára pákó, òun ló fi ń kọ gbèsè oníbàárà, òun náà ló fi ń buwọ́ lùwé.

"Ìyàwó wa, mi ò bá ọ jà," ni Kápẹ́ńtà wí. "Mo kàn ń bi ọ́ ni. Ta ló ní kí àbúrò mi fiṣẹ́ sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bọ̀dá mi. Kò sọ fún mi."

"Ẹ gbọ́ o, Màámi. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn kò mọ̀."

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n nítorí àwọn ọmọ. Kápẹ́ńtà ní kó jẹ́wọ́ ná. Tó bá ti jẹ́wọ́, kí wọ́n kọ owó náà sí orúkọ Màámi, òun yóò máa bá wọn mójú tó o. Ìyá àgbà tẹ orí ba. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó fi ìró tí Aránṣọ rán fún un lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ padà, ó ká a dáadáa, ó fi okùn dì í. Ìgbà yẹn ni Aránṣọ tó sunkún.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn burú ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọn kì í mọ̀ pé àwọn ní àjẹ́ lára, pé bí wọ́n bá sùn ni nǹkan náà á yọ́ jáde lára wọn. Òun náà ti wí lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wúkọ́ tí kò jẹ́ kí ilé sùn, pé, "Iṣẹ́ yẹn á pa ọ́ tí o ò bá fi í sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀, ó sì kú. Ṣé ẹnu òun ni? Kò lè ránṣọ mọ́. Á kó aṣọ oníbàárà sábẹ́ ẹ̀rọ, á tún kó o kúrò. Á dìde wo ọwọ́ àwọn ọmọ bóyá ó gbóná, á jókòó, á tún dìde.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, òwìwí náà ké, Aránṣọ sì jáde lọ bá a. Ó gbé ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí òpó, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ẹyẹ náà rí roboto bí àwo, kò ṣẹ́jú. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú koríko.

"Ṣé èmi ni mo rán ọ?" ó bi í. "Tó bá jẹ́ èmi ni, sọ fún mi."

Ẹyẹ yí orí sọ́tùn-ún, ó tún kọjú sí fèrèsé, bí ẹni pé kì í ṣe obìnrin yìí ló ń dúró dè. Lẹ́yìn ọgbà, ilẹ̀kùn Ìyá Oníbúrẹ́dì dún.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Aránṣọ kúnlẹ̀ fún ẹyẹ, ó ń jíṣẹ́ fún un. Bí oòrùn ti ń wọ̀, Kápẹ́ńtà dé tòun ti àkàbà àti igi gígùn. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ó ní lójú gbogbo ayé lòun yóò pa ẹyẹ náà, ẹni tó bá sì ṣubú nígbà tí ẹyẹ bá ṣubú, kí kálukú fojú ara rẹ̀ rí i. Aránṣọ dúró ti ògiri. Ó ń rò ó pé bóyá òun yóò ṣubú lóòótọ́.

Òwìwí náà fò wá, ó bà, ó ké. Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn. Kápẹ́ńtà gbé igi sókè.

"Ha, ẹ rọra o. Òṣìṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ wa mà nìyẹn."

Ọkùnrin kúkúrú kan ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, fáìlì lábẹ́ apá. Òun ló ń wọn ọkà nígbà ayé ilé iṣẹ́ náà, Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ọ́fíìsì ló rán an wá gba ìbuwọ́lùwé nílé kí ilẹ̀kùn tó tì lọ́la. Ó tọrọ ife páànù olóògbé àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí ẹni tó tọrọ omi. Ó lu ife náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òwìwí dìde, ó gba orí wọn kọjá láìdún, ó bà sórí àpótí abẹ́ òrùlé, ó sì tibẹ̀ fò lọ.

Òṣùwọ̀n wá ṣàlàyé. A kì í fi májèlé pa eku nínú ilé ọkà, ológbò ibẹ̀ sì ya ọ̀lẹ. Òwìwí yìí ló ń bá wọn pa eku láti ọdún mọ́kànlá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, olóògbé á lu ife lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹyẹ mọ̀ pé èèyàn ti lọ tán, iṣẹ́ di tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé, ó tú àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tòun tẹyẹ, ó gbé e wálé.

"Ọkọ yín ní ẹ ń bẹ̀rù òwìwí, Ìyá," ó sọ fún Aránṣọ. "Ó ní díẹ̀díẹ̀ lòun máa fi sọ ọ́ fún yín. Látìgbà tó ti kú, ẹyẹ yẹn ṣì ń retí kí ẹnìkan ní kó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti yé òun, ṣùgbọ́n ta ló ní kí àbúrò òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló sì pa á?

Òṣùwọ̀n wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ sìn ín wá gba fọ́ọ̀mù?" Ó ṣí fáìlì, ó fa ìwé dókítà yọ. Eruku ọkà ti ba ẹ̀dọ̀fóró olóògbé jẹ́, dókítà sì ti sọ pé kò lè pé ọdún kan. Ìdí tó fi yàn láti fẹ̀yìn tì nìyẹn, kó lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà kó tó kú. Ẹni tó bá sì fẹ̀yìn tì nítorí àìsàn, ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Ó na ọrùn wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó wò ó pẹ́, ó wá gbójú sókè wo etí ọmọ rẹ̀.

"Kí ni pẹ́ńsù pupa ń wá níbẹ̀?"

Kápẹ́ńtà fọwọ́ bo etí bí ẹni tí kòkòrò ta.

"Ó bẹ̀ mí, Màámi. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Aránṣọ kúrò lára ògiri. Ó lọ dúró níwájú Kápẹ́ńtà. "Ó ní kí ẹ má sọ pé òun ń kú lọ, Bọ̀dá mi. Ṣé ó ní kí ẹ sọ pé èmi ni mo pa òun?"

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tí wọ́n gbé kaná. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó ní kí ọmọ òun náà yọ pẹ́ńsù, kó kọ ọ́ kó hàn dáadáa bó ṣe hàn lọ́jọ́sí. Ó kọ ọ́. Nígbà tó gbé àkàbà rẹ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó bá a di ìdí àkàbà náà mú.

"Ìyàwó mi," ni ìyá àgbà wí, ohùn rẹ̀ kéré, "ìró mi yẹn dà?"

Aránṣọ mú un wá. Kò tú okùn rẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ìwé ti dé ọ́fíìsì, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ níwájú fèrèsé. Ó ṣì ń bẹ̀rù ẹyẹ náà. Ó gbé ife lé ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Òwìwí dìde lórí òpó, ó ré kọjá bí ìgbà tí aṣọ funfun bọ́ lórí okùn, ó forí lé pápá.

"Kú iṣẹ́ o," ni Aránṣọ wí, ó sì pa fèrèsé dé.