Àga Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ọmọ onídìrí ń gbá irun ilẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ nígbà tí tíṣà ìṣirò wọn nílé ìwé wọlé, tó sì gba ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ tààrà. Àga ibẹ̀ kò ní dígí. Àwọn obìnrin tí irun ń re lórí wọn ló ń jókòó síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé bó bá pàdé irú wọn lójú títì, kó má ṣe bí ẹni mọ̀ wọ́n, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ pè é.

Nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dímú bó bá ń kọjá, wọn a ní òórùn ìpara irun ń bú tìì lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún wọn pé wíìgì ni tíṣà ń dé, orí rẹ̀ ti pá. Wọ́n pagbo yí i ká, wọ́n sì fún un láyè jókòó. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kí ilé ìwé tó jáde, ẹnì kan ti ya orí pípá sójú pátákó. Tíṣà nù ún, ó sì parí iṣẹ́ tó ń kọ́ wọn. Ọmọ onídìrí nìkan ni tíṣà wò.

Tíṣà kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn oníbàárà yòókù, wọn ò jà, wọn ò ṣàròyé. Wọ́n kàn ń gba ibòmíràn lọ ni. Kódà àwọn tí irun wọn kún dẹ́dẹ́ sá lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ yẹn máa gbé jáde lọ́la.

Lọ́jọ́ tí ìyá àti ọmọ ń kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa."

Ìyá ń ká kọ́tìnì. "Orí tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ bò ó padà? O rò pé irun nìkan ni mo ń dì. Onídìrí pọ̀ nígboro. Ibi tí wọ́n ti lè ṣí orí láìfòyà ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ mi."

Ní báyìí, ìyá ń bá onídìrí kan ṣiṣẹ́ ní apá kejì ìlú, níbi tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n. Ó ti bẹ ọmọ rẹ̀ pé bó bá gbé oúnjẹ wá, kó má pe òun ní ìyá, kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun ni ìyá ọmọ tó tú àṣírí oníbàárà. Ọmọ a dúró síta pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, a máa wo ìyá rẹ̀ nínú dígí, a máa retí kó pe òun. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àṣírí ẹni tó fọkàn tán wa kì í ṣe ohun tí à ń fi ra ọ̀rẹ́.