Iye Tí Ọkọ̀ Bàbá Tó

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin náà kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Bàtà ọ̀tún ti lu lójú àtàǹpàkò, ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì kò sì bára mu. Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ta ló kú síbí?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú," ohùn kan dáhùn lábẹ́ ọkọ̀, ohùn tó tutù bí omi àmù. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ìpáàrà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Nígbà tó yọ jáde, eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun, ọ̀rá dúdú sì fa ìlà kan láti imú rẹ̀ dé etí. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó wo ọwọ́ náà, ó sì fà á padà. Ó wá tẹrí ba dípò.

"Ẹ má bínú. Bàbá kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí wà fún títà."

"Bàbá kékeré nìyẹn, àbúrò bàbá mi. Àwọn ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì. Èmi ni mo ni ọkọ̀." Ó gbé àpò rẹ̀ nílẹ̀. "Mélòó lẹ sì pe ọjọ́ orí mi tí mo fi di ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ẹsẹ̀ yín nìkan ni mo rí nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ àgbà ni."

Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà rí ẹ̀rín yẹn. Láti ìṣẹ́jú náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí ohun tó ń fi ipá ṣe. Ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ti pa tì ló máa ń rà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, á tún un ṣe títí á fi máa dán gbinrin, á wá tà á. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé. Obìnrin kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ẹ rí, àmọ́ ó di ẹrù rẹ̀, ó ní, "Abẹ́ mọ́tò ni ọkàn rẹ ń gbé. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí níbi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ wò ẹ́." Ọdún mẹ́rin rèé. Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ló ń kí láàárọ̀.

Obìnrin tó ni ọkọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ apoògùn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ," kò sì sẹ́ni tó ń bi í bóyá òun gan-an ti jẹun. Ó di oṣù mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ilé oníyàrá márùn-ún ló ṣẹ́kù fún òun nìkan, àti ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tí iná iwájú rẹ̀ rí roboto bí ojú ẹni tí ẹnu yà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á wọnú ọkọ̀ náà, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó, á ti ilẹ̀kùn, á sì máa wo ògiri.

Àwọn ayálégbé ń bọ̀ wá gba ilé náà níparí oṣù. Òun á kó lọ sí yàrá kan nítòsí ibi iṣẹ́, níbi tí kò ti sí àyè fún kẹ̀kẹ́ pàápàá. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù: kó má lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ fi wá pẹ̀lú ìwé kékeré àti pẹ́ńsù.

"Kí lẹ̀ ń kọ láti àná?" obìnrin náà bi í, ó gbé ife omi fún un, ó di tirẹ̀ náà mú.

"Mò ń wá iye tí màá san."

"Ṣebí ẹ kàn máa dárúkọ iye kan ni, èmi á ní kò gbà, a ó sì pàdé láàárín."

"Rárá o. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe tòmátì. Ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá parí, tó ń dán, èló lẹnì kan máa rà á? Mo kọ ìyẹn sókè. Mo wá ń yọ owó ọ̀dà, owó ẹ́ńjìnnì, owó ìjókòó, owó wàhálà tí mi ò tíì mọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ni mo lè san. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ ra ọkọ̀ láìṣírò, ọkọ̀ yẹn ló máa ta òun náà."

"Ẹ ò wá fi ìfẹ́ ra nǹkankan rí?"

Jẹ́jẹ́ họ orí. "Ẹ̀ẹ̀kan. Bọ́ọ̀sì kan. Ó ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù nínú ife. Ó ti pẹ́ tí ilé yẹn ti gbọ́ ẹ̀rín.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan dàrú. Jẹ́jẹ́ ní òòfà kékeré kan tó fi aṣọ wé, ó ń gbé e lé ara ọkọ̀ níbi gbogbo. Níbi tí irin bá wà, òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n bá ti fi fíláà dí ihò, ìyẹn àmọ̀ tí àwọn tó ń kan ara ọkọ̀ máa ń rẹ́ lé ìpáàrà kí wọ́n tó kùn ún, òòfà á jábọ́. Ó lẹ̀ mọ́ iwájú. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ilẹ̀kùn òsì, ó jábọ́ sílẹ̀, kó! Ó gbé e lé ìsàlẹ̀. Kó!

Ó yẹ kó fi ìka kan ilẹ̀kùn náà, kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ irú rẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ obìnrin náà fara ti ògiri, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ojú Jẹ́jẹ́ kò sì sí lára ilẹ̀kùn mọ́.

"Fíláà ni gbogbo ilẹ̀kùn yìí," ó sọ, ó fa ìlà gígùn sínú ìwé. "Láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ṣe eléyìí fẹ́ rẹ́ni jẹ ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. "Bàbá mi ló ṣe é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Jẹ́jẹ́ wo ìwé rẹ̀. "Tí ilẹ̀kùn bá rí báyìí, mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ibi tó kù. Ìdajì iye tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè ni mo lè san."

"Ẹ̀ ń sọ pé oníjìbìtì ni bàbá mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Òòfà ló..."

"Ẹ gbé òòfà yín, kẹ́ ẹ máa lọ. Bàbá mi kì í fi nǹkan pa mọ́ fúnni. Ìwé yẹn nìkan lẹ mọ̀ ọ́n kà, ẹ ò mọ ènìyàn kà."

Ó lọ. Obìnrin náà dúró nínú ọgbà títí ohùn bàtà rẹ̀ fi dákẹ́ lójú títì. Ó wọlé, ó ṣí yàrá márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nǹkan, ó sì tún tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kékeré mú ọkùnrin sísanra kan wá, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Túpalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ra ọkọ̀, kó gé e, kó sì ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò kọ ohunkóhun sínú ìwé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọkọ̀ níbi tó ti máa gé e, ó sì dárúkọ owó tó fi díẹ̀ ju ti Jẹ́jẹ́ lọ.

"Ọmọ mi, gbà á," Bàbá kékeré sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Irin ò ní gbé wọn padà."

Ó wo àwọn ìlà funfun náà. Tí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ bá lè sọ pé jìbìtì ni, kí ló tún kù? "Kí wọ́n wá gbé e ní Sátidé," ó sọ, ohùn rẹ̀ kò sì jọ tirẹ̀.

Ní Sátidé yẹn, Jẹ́jẹ́ ń fọ ìkòkò irin funfun kan ṣoṣo tó ní. Òòfà wà lápò ẹ̀wù rẹ̀. Bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òòfà yọ bọ́ lé ìdí ìkòkò, ó yọ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì já sínú omi. Jẹ́jẹ́ yọ ọ́. Ó gbé e lé ìkòkò. Ó tún jábọ́. Ó dúró, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òòfà kì í fa ìkòkò," ó sọ sókè. "Ìkòkò ò sì ní fíláà nínú. Mo gbé!"

Kò fọ ọwọ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ sáré la àdúgbò mẹ́ta kọjá, àwọn ajá ń gbó o.

Ṣéènì ti wà lọ́rùn ọkọ̀ nígbà tó débẹ̀. Ọ̀gá Túpalẹ̀ ti gun ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́!" Jẹ́jẹ́ ń mí gúlegúle. "Ẹ jẹ́ kí n kan ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan."

Obìnrin náà ká apá mọ́ àyà. "Ẹ kàn án."

Ó fi ìka kàn án. Kì í ṣe ohùn àmọ̀. Ó dún gooro bí abọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó fi owó ẹyọ ha ìsàlẹ̀ ibi tí ojú kì í dé. Funfun ló yọ lábẹ́ ọ̀dà, pẹ̀lú ojú òòlù kéékèèké tó tò bí ìpẹ́ ẹja.

"Irin funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ni, òòfà kì í fa irú rẹ̀. Odindi. Kò sí fíláà kankan níbẹ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n..."

"Ṣebí ilé iṣẹ́ ìkòkò ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún," Bàbá kékeré dá sí i. "Ìpáàrà jẹ ilẹ̀kùn yẹn tán, kò sì rí òmíràn rà. Oṣù mẹ́rin ló fi lù ú. Ariwo yẹn ò jẹ́ ká sùn!"

"Bàbá kékeré! Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ?"

"Ta ló bi mí?"

Jẹ́jẹ́ ṣì wà lórí eékún. "Mo ṣe bàbá yín láìdáa. Ó yẹ kí n ti kan ilẹ̀kùn yìí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ni mò ń wò." Ó yọ ìwé, ó pa ìlà gígùn yẹn rẹ́, ó tún ìṣirò ṣe níṣojú gbogbo wọn. "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè. Ibi tó tọ́ nìyẹn, mi ò sì lè parọ́ kó lè pọ̀ sí i."

"Màá san án pé!" Ọ̀gá Túpalẹ̀ kígbe láti òkè. "Gbogbo ẹ̀! Ní báyìí!"

Gbogbo wọn yíjú sí obìnrin náà. Owó pípé yẹn á san owó ilé ọdún méjì fún un. Ó wo ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ó wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ gbígbẹ lápá.

"Ẹ tú ṣéènì," ó sọ. Ó wá kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ẹ san ìdá mẹ́ta yín. Ìdá kan tó kù, èmi ni mo ni ín. Màá máa wá wò ó ní Sọ́ńdè Sọ́ńdè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, obìnrin náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sáńpépà ha ara ọkọ̀ títí á fi jọ̀lọ̀. "Ẹ" di "ìwọ". Ó ń pe Jẹ́jẹ́ ní Ìdámẹ́ta, òun náà ń pè é ní Ìdákan. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, Ìdákan á padà sí yàrá rẹ̀, á máa gbọ́ rédíò aládùúgbò lára ògiri, Ìdámẹ́ta náà á sì jókòó nínú ọkọ̀, á gbé ọwọ́ lé ìjókòó tó ṣófo.

Ní oṣù kẹwàá tí wọ́n ti ń ṣe é, obìnrin náà ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ kò lọ síwájú mọ́. Nọ́ọ̀tì tó dè lọ́sẹ̀ yìí, á bá a ní títú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fi ọ̀dà èékánná pupa kán gbogbo wọn, kó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá tú wọn. Ní Sọ́ńdè kejì, gbogbo pupa yẹn ti já.

"Ìdámẹ́ta, ta ló ń tú nọ́ọ̀tì yìí?"

"Nọ́ọ̀tì máa ń tú fúnra ẹ̀ nígbà míì."

"Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ? Wọ́n tún wá to ara wọn sínú abọ́?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Èmi ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa ń tú u. Tó bá parí, a máa tà á. Tá a bá sì tà á, kí lo tún fẹ́ wá wò níbí?"

Obìnrin náà jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. Kò tíì sí ẹni tó da iṣẹ́ ara rẹ̀ rú rí nítorí kí òun má bàa lọ.

"Parí ọkọ̀ yẹn," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Tó bá parí ńkọ́?"

"Wàá lọ bá Bàbá kékeré, wàá sọ fún wọn pé o fẹ́ fẹ́ mi. Àbí èmi ni kí n lọ sọ ọ́?"

"Ṣé wàá gbà?"

"Mo ti gbà láti oṣù karùn-ún, olólùfẹ́ mi. Ìwọ lo kàn ń wá iye ẹ̀ láti ẹ̀yìn."

Ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ra ọkọ̀ náà. Ó ní òun fẹ́ máa wà á lọ wo àwọn ọmọ tí òun gbẹ̀bí wọn. Bàbá kékeré wá wo ọkọ̀ náà, ó sì ti súre fún àwọn méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi yí kọ́nà.

Wọ́n padà wọ ṣọ́ọ̀bù. Àyè ọkọ̀ náà wà nílẹ̀, ó mọ́, ó gùn, ó ṣófo bíi yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Omi lé sójú obìnrin náà. Jẹ́jẹ́ kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ó kàn dúró tì í títí ó fi tó.

Lẹ́yìn náà wọ́n jọ lọ ti géètì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní, ó wúwo, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń ṣí ọ̀kan padà kí ènìyàn tó dé ìdí èkejì.

"Di tìẹ mú," Jẹ́jẹ́ sọ.

"Mo ti dì í mú," ó dáhùn.