Abẹ́rẹ́ Muattar àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí tó wọ́n jù ni kí n rà ni, àbí èyí tí yóò ṣiṣẹ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ tí Muattar kọ́kọ́ bá Hamdam, tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó sì ń tún wọn ṣe, sọ nìyẹn, nínú ọjà kọ̀ǹpútà ìlú Tashkent, lọ́jọ́ tí yìnyín ń bọ́ bí ìyẹ̀fun.

Hamdam gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ ra èyí tó wọ́n jù?"

"Ọ̀gbẹ́ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ni. Ó ní pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pé bí mi ò bá ra ńlá, òmùgọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi yóò yà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo máa ń fi òwú sẹ́dà kó òdòdó sára aṣọ ìyàwó. Mo fẹ́ máa yà á sórí kọ̀ǹpútà kí n tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́."

"Ẹ ò ní fi ṣe eré ogun?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń jagun ni?"

"Ẹnu yín jọ ọ́."

Ẹ̀rín pa Muattar, kò mọ̀gbà tó bú sí i.

Hamdam ní, "Ẹni tó fẹ́ gbé àpò ìyẹ̀fun kan ò nílò ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ mú pírósẹ́sọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ò ní ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀."

Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ Muattar ò ká ìyẹn náà. Ló bá tọ́jú àpò rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Ẹ dúró ná." Hamdam mú nǹkan kan jáde látinú àkísà. "Irú rẹ̀ gan-an nìyí. Ọwọ́ mi ló ti já bọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Mẹ́ta wọ́ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti nà wọ́n tọ́, torí bí ọ̀kan bá kán, ó tán nìyẹn."

Muattar wo abẹ́ rẹ̀: ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí irun, wọ́n pọ̀ bí èèrà. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi há ọrùn kóòtù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ náà, jẹ́jẹ́, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Hamdam tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà títí ó fi parí. Wọ́n fi í sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wọ́n tan iná, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀ kedere. Hamdam tà á fún un ní iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìfẹ́ ti wọ Hamdam lára lójú ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè é lórí fóònù. "Ṣé ọpọlọ ọ̀hún kì í gbóná?" Muattar á ní, "Kì í gbóná. Ó tiẹ̀ ní kí n kí yín." Títí ó fi di ọjọ́ kan tí Hamdam ní, "Ẹ̀mí mi, mo fẹ́ rán àwọn àgbà sí bàbá rẹ."

Muattar ní, "Ẹ ti pẹ́ jù."

Ṣùgbọ́n Bàbá Ergash, tó bí Muattar, fajú ro. "Ẹni tó ta ohun tó wọ́ fún ọ, ìwà rẹ̀ náà á wọ́."

"Bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó wọ́."

"Ó dáa. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, n ó bu búrẹ́dì wọn. Bí ó bá kú, kí wọ́n gbé búrẹ́dì wọn padà."

Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wọn, bí bàbá ọmọ bá ti bu búrẹ́dì tí àwọn ará ilé ọkọ gbé wá, ọmọ ti dìyàwó nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Ìyá Hamdam àti àgbà méjì dé, wọ́n fi aṣọ funfun di búrẹ́dì. Muattar ti ń ya òdòdó láti òwúrọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bàbá ní, "Fi iṣẹ́ rẹ han àlejò." Òdòdó pupa yọ lójú ẹ̀rọ. Kò pẹ́, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Muattar tún un tàn. Ó tún kú.

Ìyá Hamdam na ọwọ́ sí búrẹ́dì rẹ̀.

Muattar rántí ohùn Hamdam: ṣé kì í gbóná? Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ààrò. "Ẹ mu tíì yín, ẹ̀yin àgbà," ó ní, ó sì tú ìhà ẹ̀rọ náà. Òwú sẹ́dà pupa ti wé mọ́ fáànù tó ń fẹ́ ọpọlọ náà, fáànù ò lè yí mọ́. Ó fa abẹ́rẹ́ ọrùn kóòtù rẹ̀ yọ, ó fi tú òwú náà kúrò títí ó fi tán.

"Bàbá, ọpọlọ ò kú. Òwú tèmi gan-an ló fún un lọ́rùn."

Nígbà tí tíì tán, tí ẹ̀rọ ti tutù, ó tan iná. Òdòdó yọ. Wọ́n wò ó títí, kò kú mọ́.

Bàbá Ergash bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, ẹni tó tà á ò jẹ̀bi. Ọmọ mi lọ̀daràn!" Ó fa búrẹ́dì sọ́dọ̀, ó bù ú sí méjì. "Ìyá Hamdam, ẹ ní kí ọmọ yín wá mú ọ̀daràn rẹ̀ lọ."

Aṣọ ìyàwó tí Muattar kó fún ara rẹ̀ kún fún òdòdó. Igi òdòdó mẹ́ta wọ́ nínú wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó tú wọn, kó tún wọn kó. Hamdam ní, "Ìyá mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mẹ́ta tó wọ́ ló fẹ́ ẹ fún mi."