Sítíkà Ọ̀pẹ Òyìnbó

Èéfín ni ìwà, kò ṣeé fi aṣọ bò. Láti kékeré ni Wúràolúwa ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan òun yóò fi ọwọ́ ara òun da nǹkan bo èéfín, àti pé ẹni tí ọkàn òun yàn ni èéfín náà yóò máa bá jà.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni. Wúrà ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Ògúntádé ní Ṣómólú nígbà tó rí èéfín funfun tó ń rú túú lẹ́yìn òkìtì ìwé tó ga ju orí èèyàn lọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé rí mọ̀ pé iná àti ìwé kì í ṣọ̀rẹ́. Kò pariwo, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé garawa omi tí wọ́n fi ń fọ íǹkì kúrò lọ́wọ́, ó dà á síbẹ̀ gbàà.

Èéfín kú. Ọkùnrin kan rìn jáde lẹ́yìn òkìtì náà, ó ga, ó dúdú, ó ń dán bí ẹni tó ń fi ọ̀sà ṣe dígí. Omi aláwọ̀ búlúù ń kán ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ohun kan bíi bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀.

"Sista," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, "ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí gbogbo oníbàárà, àbí èmi nìkan lẹ fẹ́ràn?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé ìwé ọ̀gá mi ló ń jóná ni."

"Iná kọ́. Féèpù ni, bátìrì la fi ń mu ún."

"Ẹ ò ríbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá níbí?"

"Mo rí i. Sìgá ni wọ́n kọ. Èyí kì í ṣe sìgá."

Òórùn ọ̀pẹ òyìnbó gba gbogbo àyíká. Wúrà wò ó látòkè délẹ̀. "Adìyẹ tó ń gbó bí ajá, kí la fẹ́ máa pè é?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́ kó tó tán.

Ikúmápàyí lorúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò Ìlàjẹ ní Bariga. Ó wá ṣe léébù fún ẹja yíyan tí ìyá rẹ̀ ń dì sí ọ̀rá tà. Ó padà wá láti tún léébù ṣe. Ó tún padà wá, ẹja yíyan mẹ́rin ló gbé dání.

"Léébù yín ti parí látọjọ́ Ẹtì," Wúrà wí.

"Mo mọ̀. Mo ní kí n wá wò ó bóyá garawa yẹn ṣì wà."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé tọ̀ wọ́n, tí ẹ di o, tí sista di Wúrà mi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ. Ikúmápàyí sọ ìtàn orúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ikú gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Sabina, kí wọ́n tó bí i. Nígbà tó dàgbà tó ń mu páálí sìgá kan lóòjọ́, Sabina tí kò mọ̀wé kà ṣa páálí òfìfo kan nílẹ̀, ó ní, "Ka ohun tí wọ́n kọ síbí fún mi."

"Mi ò lè purọ́ fún un, Wúrà. Mo ní, 'Ìyá mi, wọ́n ní àwọn tó ń mu sìgá a máa kú ní kékeré.' Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àgbá tó fi ń yan ẹja, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ẹnu ibojì. Ọjọ́ náà ni mo jáwọ́. Mo wá èyí tí kò ní ìkìlọ̀ lára. Yẹ̀ ẹ́ wò, èso lásán ni wọ́n yà sí i."

Ó fi páálí féèpù náà lé e lọ́wọ́.

Ara Wúrà tutù bí ẹni tí wọ́n da garawa omi lé lórí. Ọ̀pẹ òyìnbó tí ewé rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì ló wà lára sítíkà náà, bí èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Fọlá Agoro gẹ́lẹ́. Wúrà fúnra rẹ̀ ló yà á. Kí ó tó mọ ọkùnrin yìí rárá, oníbàárà kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí wá, Ọ̀gá Ògúntádé sì ní kí ó lẹ sítíkà bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi íǹkì dúdú kọ sísàlẹ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi lẹ̀ ẹ́. Orin ìyìn ló ń kọ bí ó ti ń lẹ̀ ẹ́, kò ka ẹyọ kan. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ọwọ́ wa ṣe ara wa.

Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó fi èékánná ṣí sítíkà náà, ó sì kà á sókè: "Ìkìlọ̀: nikotíìnì, èròjà inú tábà, wà nínú ọjà yìí. Nikotíìnì a máa di bárakú."

Ikúmápàyí gbà á, ó kà á, ó tún un kà. "Ta ló fi nǹkan bò ó?"

"Èmi ni."

"O kà á kó o tó bò ó?"

"Mi ò kà á. Ìyẹn gan-an ló burú jù."

"Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń sọ fún ìyá mi pé mo ti bọ́." Ó dá páálí náà padà fún un, ó dìde, ó sì lọ. Páálí náà kù sọ́wọ́ Wúrà.

Lọ́jọ́ Ajé, páálí tuntun dé sílé ìtẹ̀wé, èyí tí wọ́n fẹ́ fi sítíkà ápù bo ìkìlọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò ní lè lẹ èyí."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó o mu ún ni?"

"Rárá sà. Ẹni tí mo fẹ́ ló ń mu ún."

Ògúntádé nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Lọ jókòó sílé títí màá fi pè ẹ́." Kò sì pè é.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Wúrà gba Ìlàjẹ lọ. Ó bá Ikúmápàyí lórí ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n sìgá gidi ló wà láàárín ìka rẹ̀. Wúrà ti rò pé òtítọ́ yóò tú ọkùnrin yìí sílẹ̀ ni. Òtítọ́ ti lé e padà síbi tó ti ń sá bọ̀.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Ikúmápàyí wí. "Ìkìlọ̀ wà lára méjèèjì. Èyí tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo mú."

"Ẹni tó bọ́ lẹ́nu ẹkùn, tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nì, ṣé ẹnu ẹkùn ló yẹ kó padà sí? Èbúté ló yẹ kó máa wá." Ó jókòó. "Mo bo ìkìlọ̀ kan, mi ò ní bo òmíràn. Ọ̀gá ti ní kí n máa lọ sílé."

"Nítorí mi?"

"Nítorí ọwọ́ mi."

Wọn kò mọ̀ pé Sabina ti dé ẹ̀yìn wọn, eérú ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó rí sìgá náà. Ó na ọwọ́ sí páálí tó yọ lẹ́nu báàgì Wúrà, ó wò ó, ó dá a padà fún un. "Ka ìyẹn fún mi."

Wúrà kúnlẹ̀, ó kà á dópin. "Èmi ni mo bò ó mọ́lẹ̀, mà."

Sabina nu eérú apá rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń yan ẹja. Mo mọ èéfín tó ń pa ẹran mọ́, mo sì mọ èyí tó ń jẹ ẹ́." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà:

"Ikúmápàyí, ọmọ atukọ̀ má wẹ̀yìn,
Ọmọ olómi tí ń fi ìgbì ṣe ẹní.
Ikú mú mẹ́ta, mo ní ó tó.
Àṣẹ́kù mi, má fẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a."

Sìgá já bọ́ sínú omi. Ikúmápàyí yọ féèpù lápò, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹni tó lè jẹ́wọ́ fún mi lórí ìkúnlẹ̀," Sabina wí, "kò ní purọ́ fún ọkọ. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọmọ mi yìí bá dẹ́kun gbígbọ̀n nítorí èéfín, màá wá rí àwọn òbí rẹ ní Fọlá Agoro tó ní ẹ ń gbé." Ó padà sídìí àgbá rẹ̀.

Wúrà wo ọwọ́ Ikúmápàyí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó di méjèèjì mú.

"Wúrà."

"Mo ń gbọ́."

"Má tíì lọ sílé. Jókòó tì mí."