Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Jẹ́wọ́

Nọ́ọ̀sì àgbà tó gba Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílé ìwòsàn ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ní títí di òní, bí òun bá ti gbọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná, ńṣe ni èébì máa ń gbé òun.

Inú yàrá ìwúkàrà ni wọ́n ti bá òkú àkọ́bí ilé oníbúrẹ́dì. Yàrá kótópó ni, kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ìyẹ̀fun pípò sí kó lè wú kó tó wọ ààrò. Ọkùnrin náà nà gbalaja sórí àpò ìyẹ̀fun bí ẹni tó ń sùn. Kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ pọ́n bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé kàn ń pè ní Ìyàwó, fọwọ́ kàn án. Ó ti tutù.

Kí oòrùn tó yọ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan.

“Ọkùnrin tó ń dá gbé àpò ìyẹ̀fun lánàá?”

“Kò ṣàìsàn, kò ṣubú, ó kàn sùn, kò jí. Ẹ tún wá ń bi mí pé kí ló pa á?”

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni àbúrò olóògbé ti yọ sí wọn, ọmọbìnrin tí Ìyàwó ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó wo òkú náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Èmi ni mo pa á,” ló wí. “Mo ní kí àwọn ẹyẹ jẹ ẹ́. Wọ́n sì gbọ́.”

Ìyá, tó bí àwọn méjèèjì, tó sì ni ilé búrẹ́dì náà, káwọ́ lérí. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ fún un: “Àjẹ́ lẹ bí, Ìyá.”

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó mọ ìyẹ̀fun pò, tó máa ń fi gbogbo oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́, ló ṣàdédé dákẹ́. Kò wẹ̀ mọ́, ó ní ohùn wà nínú omi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ẹyẹ bá bà sórí òrùlé ààrò nítorí ooru, á dúró sábẹ́ wọn, á máa dá ẹnì kan tí a kò rí lóhùn. “Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi,” á ní. “Wọ́n ní èmi ni mò ń ba ilé jẹ́.” Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ̀fun tútù di etí kó má baà gbọ́ wọn. Ìyẹ̀fun náà kan níbẹ̀, ó bu, omi rẹ̀ ń ṣàn sí i lọ́rùn.

Ó ń rí Ìyàwó lára. Ká má purọ́, bó bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún un, ńṣe ló máa ń sé èémí, á gbé abọ́ sílẹ̀ lókèèrè, á yára padà.

Àmọ́ nígbà tó yá, ìwà àwọn oníbàárà wá ń rí Ìyàwó lára ju ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá kọjá, wọ́n á tutọ́ lé e lẹ́yìn, lẹ́yìn náà wọ́n á na ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi nu ẹnu láti gba búrẹ́dì. Aránṣọ kan tiẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀: “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ àjẹ́ kan tèmi o. Èyí tó gbóná yẹn ni kẹ́ ẹ fún mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n mú aríran wá. Obìnrin sísanra ni, èékánná rẹ̀ gùn, ó ń tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó fi kan èèyàn. Ó fa ìpéǹpéjú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sókè bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò lọ́jà.

“Ẹyẹ ń bẹ níkùn rẹ̀,” ló wí. “Yàrá tó ti pààyàn náà la máa tì í mọ́. Ẹ gbé ẹyín iná wọlé, ẹ da ata sí i, ẹ di ìdí ilẹ̀kùn. Èmi yóò jókòó tì í títí yóò fi pọ ẹyẹ náà.”

“Bí ẹyẹ náà bá kọ̀ ńkọ́?” Ìyàwó bi í.

“Wọ́n á jọ lọ ni.”

Ìyàwó yíjú sí Ìyá. Ìyá ń yọ ìyẹ̀fun kúrò lábẹ́ èékánná. “Ẹ ṣe bí ẹ bá ṣe mọ̀ ọ́n ṣe,” ló wí.

Wọ́n kó ẹyín iná sínú páànù tí wọ́n máa ń gbé wọ yàrá náà lásìkò òtútù, nígbà tí ìyẹ̀fun bá kọ̀ tí kò wú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi àpò di ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó dúró síta.

“Dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ!” aríran ń jágbe.

“Wọ́n ní kí n má sọ!” Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ké. “Wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Ṣé ẹ ò gbọ́ wọn ni?”

Ariwo ń lọ, ikọ́ ń lọ. Nígbà tó ṣe, ohùn aríran bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ti ọ̀mùtí. Nǹkan kan já lulẹ̀ gbì. Ẹnì kan ń bì.

“Ẹ má ṣí i!” ni Ìyá wí. “Ẹyẹ ló ń jáde.”

Ìyàwó ta àpò nípàá, ó ṣílẹ̀kùn. Aríran ló ń rákòrò bọ̀ nínú èébì ara rẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nà sórí ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Pípọ́n yẹn ni Ìyàwó kọ́kọ́ rí. Bí ti ọkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wọ́ ọmọbìnrin náà síta, ó wo páànù, ó rántí: òtútù mú lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, Ìyá ló sì ní kó sùn ti ìyẹ̀fun.

“Ó ti lù mí!” Aríran ń fi etí ìró nu ẹnu. “Àjẹ́ ńlá ni! Ẹ bá mi wá bàtà mi!”

Ìyàwó pọn Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó gbọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì fún un ní atẹ́gùn mí, ó ní èéfín èédú nínú yàrá tí kò ní fèrèsé ló fẹ́ pa á. Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jí, nọ́ọ̀sì fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ìyẹ̀fun bíbu náà kúrò létí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bi Ìyàwó ní ìbéèrè púpọ̀.

“Àìsàn ọpọlọ ni,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Sikisofẹ́níà là ń pè é. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó ń gbọ́ ohùn wọ̀nyẹn bí ìwọ ṣe ń gbọ́ tèmi yìí, ọpọlọ rẹ̀ ló ń dá wọn sílẹ̀.”

“Ó ní òun pa ọkọ mi.”

“Ó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ara àìsàn náà nìyẹn. Ẹ̀rín tó rín níbi òkú, ara rẹ̀ ni. Wíwẹ̀ tí kò wẹ̀, ara rẹ̀ ni. Òògùn wà. Á lò ó pẹ́. Ohùn náà lè má lọ tán, àmọ́ á rọlẹ̀.”

“Ta ló fi ṣe é?”

“Kò sẹ́ni tó fi ṣe é, ìyàwó mi.”

Ìyá wà nídìí tábìlì nígbà tí wọ́n padà dé, ó ń po ìyẹ̀fun bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

“Má gbé e wọlé mi,” ló wí. “Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́.”

“Àìsàn ló jẹ́wọ́, Ìyá. Èéfín èédú ló pa ọkọ mi.”

Ìyá wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

“Mo rí eérú nínú páànù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá tó fi iná pa ọmọ rẹ̀? Ìwọ ò rí i ni, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ò lé oníbàárà kankan.”

“Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé páànù kan náà tọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé?”

Ìyá gbọn ìyẹ̀fun dànù lọ́wọ́. “Èyí ti wú. Wá bá mi gbé e sínú ààrò.”

Ìyàwó wo ọwọ́ náà. Ó wọlé, ó di ẹrù tirẹ̀ àti ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ papọ̀, ó wá di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú.

“Ìyàwó, wọ́n ní kí n dúró,” ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

“Àwọn wo?”

“Àwọn ohùn.”

“Sọ fún wọn pé a ti lọ.”

“Ìyàwó!” Ìyá ń pè wọ́n látẹ̀yìn. “Ìyàwó! Ta ló máa bá mi yọ búrẹ́dì?”

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bojú wẹ̀yìn ṣáá títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ìyàwó kò wẹ̀yìn.