Obìnrin Tó Wá Wọn Oore Ilé Wa

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo kọ́kọ́ rí Tẹ́júọlá. Mo ń rán sálúbàtà ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé tòun ti fáìlì, eruku àdúgbò wa l'Ọ́gbà ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá ni wọ́n ti rán òun wá. Àsìkò ọ̀wọ́n tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ni, àwọn ológun ló wà lórí àlééfà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí a ti kó wọ ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba kọ́. Wọ́n wá fẹ́ mọ oore tí ilé náà ṣe fún wa àti fún àdúgbò, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọn yóò kọ́ sí i fún àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́bàá odò ìdọ̀tí l'Ágége, níbi tí àwa náà ti wá.

Ó béèrè nípa omi, nípa ẹ̀fọn, nípa èéfín ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, ó ka igi tí a gbìn. Ìyá mi ń fi ẹ̀rín dáhùn. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n bu omi tútù fún un.

Ni ó bá ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí, mà? Mélòó ló wà láyé?"

Ìyá mi dìde. "Ta ló rán ọ wá ka ọmọ mi? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gbé ìwé ẹ, kí o máa lọ."

Mo sáré tẹ̀ lé e. Omijé ti gba ojú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ṣàlàyé pé ẹ̀bá odò yẹn ni ìyá mi ti sìnkú ọmọ. Bí àgbàrá bá ti wọlé, àìsàn á tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí a ti dé ilé yìí, Ọlọ́run ò jẹ́ ká gbọ́ ẹkún.

"Ohun tí wọ́n ní kí n wá wọ̀n gan-an nìyẹn," ó wí. "Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹ̀ ni."

"Má béèrè iye. Ní kí wọ́n ki ọmọ wọn fún ẹ. Ìyá tó bá ń ki ọmọ kì í fo ọ̀kankan."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, òjò àkọ́rọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ̀rín yẹn.

Bí mo bá ti jáde níléeṣẹ́ aláṣọ, màá bá a kiri ojúlé. Àwọn ìyá ń ki ọmọ, bírò rẹ̀ ń sáré. Màmá Kàsúmù, aládùúgbò wa, fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ràsákì, ṣé ìjọba ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni, àbí ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ yìí?" Mi ò jiyàn.

Nígbà tó yá mo sọ ọ́ jáde. "Tẹ́jú, ìwọ ni ọkàn mi yàn."

"Èmi náà fẹ́ràn rẹ, Àyìndé mi. Ṣùgbọ́n ilé tí ìyá ò ti fẹ́ rí mi, mi ò lè wọ̀ ọ́."

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ẹni tó ka ọmọ mi kò ní bí ọmọ-ọmọ mi." Odindi oṣù kan, mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo gbààwẹ̀, wọn ò yí ohùn padà.

Ọjọ́ kan ni Tẹ́jú fúnra rẹ̀ padà wá, kò mú fáìlì dání. Ó kúnlẹ̀.

"Mà, àwọn ìyá ki àwọn ọmọ tó wà, kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó lọ. Láìsí tiwọn, Aláúsá ò ní mọ ohun tí ilé yìí gbà sílẹ̀. Ràsákì ti sọ tiyín fún mi. Mi ò kọ ọ́. Kì í ṣe tèmi láti kó lọ."

 Nígbà tí ìyá mi lanu, oríkì ló jáde. Wọ́n ki èmi, wọ́n ki àwọn àbúrò mi, lẹ́yìn náà wọ́n ki àwọn tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu wọn rí láti kékeré:

"Àlàó, ọmọ tó rìn kí eyín tó hù, tó lọ kí n tó ra bàtà fún un. Àṣàkẹ́, ọmọ tó fẹ̀rín kí ìyá ẹ̀ láàárọ̀, tí àgbàrá ò jẹ́ kó kí i lálẹ́."

Tẹ́jú ń sunkún, kò na ọwọ́ sí bírò kankan.

"O ò kọ ọ́ ni?" ìyá mi wí. "Kọ ọ́. Màá bá ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yòókù. Kí wọ́n kọ́lé fún àwọn tó wà lẹ́bàá omi, kí ìyá mìíràn má baà ki ọmọ báyìí." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. "Níbo ni bàbá ẹ wà?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó, mà."

"Má sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹnu èmi ni kí wọ́n ti gbọ́ pé mo wá tọrọ ọmọ wọn."

Kí ọdún náà tó parí, a so yìgì. Ìjọba kọ́ ìlà ilé kan péré sí i. Ọjọ́ tí ìdílé àkọ́kọ́ kó dé láti ẹ̀bá odò, ìyá mi ló ṣàdúrà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọwọ́ wọn kan wà léjìká ìyàwó mi.