Díìsìkì Kẹta

"Ta ló yọ díìsìkì kẹta?"

Bùrọ̀dá Jíbrílù ló béèrè. Bàbá Àrẹ̀mú tó ń gé ìwé tẹjú mọ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ganiat, tó wá kí Khairiyyah ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà ló wọ̀. Khairiyyah ní tirẹ̀ ń wo òrùlé bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kan ni, ní Ẹnu Ọ̀wá, lọ́dún 1999. Káàdì ìgbéyàwó, kálẹ́ńdà mọ́sálásí, ìwé ìdánrawò fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì: gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló wà nínú àpótí irin kan lórí tábìlì, díìsìkì márùn-ún tó rí bí irin pẹlẹbẹ nínú rẹ̀. Wáyà so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó ń lo ètò Linux. Lórí kọ̀ǹpútà yìí ni Bùrọ̀dá Jíbrílù ti ń tẹ àṣẹ láti bi àpótí léèrè àlàáfíà: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló gbóná, èwo ló rẹ̀? Àpótí á sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìdílé tí wọ́n ń kí láàárọ̀.

Khairiyyah, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ bó ti ń retí èsì JAMB. Ó mọ àwọn àṣẹ náà débi pé Bùrọ̀dá Jíbrílù, tó fẹ́ lọ kàwé sí i ní Ìbàdàn, ti ṣèlérí pé òun á fa kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Láti ìgbà náà, ọmọ náà kì í rìn mọ́, ijó ló ń jó lọ síbi iṣẹ́.

Ayọ̀ yẹn ló di fáàrí: ó ní bí díìsìkì kan bá kúrò, àwọn yòókù á gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí ni Ganiat ní, "Irọ́ ni! Wọ́n á yọ ọ̀kan nínú márùn-ún, iṣẹ́ ò sì ní bàjẹ́?" Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Khairiyyah fa díìsìkì kẹta yọ. Ó ṣí kálẹ́ńdà kan lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ọjọ́ kan tó dín níbẹ̀. Ganiat pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Àrẹ̀mú ti pè é pé kó wá bá òun di ìwé mú. Ó sáré lọ, ó gbé díìsìkì kalẹ̀ kó lè di ìwé mú. Nígbà tó padà, kò rántí ibi tó gbé e sí mọ́.

"Àpótí yìí lè fara da kí ọ̀kan sọnù," ni Bùrọ̀dá Jíbrílù wí. "Bí òmíràn bá tún lọ, ó parí. Díìsìkì karùn-ún sì ti ń ṣe ségesège láti àná!" Ó jáde lọ sí ilé tẹlifóònù ní Tinúbú láti pe ẹni tó ta àpótí náà fún wọn.

Ganiat sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo gbọ́ èdè àpótí yìí? Sọ fún un kó panu mọ́! Kó máa sọ pé ara gbogbo wọn le, Bùrọ̀dá á rò pé ẹni tó yọ ọ́ ti dá a padà."

Ó ṣeé ṣe. Àṣẹ kan wà tí wọ́n fi ń dá ìkìlọ̀ àpótí dúró. Khairiyyah tẹ̀ ẹ́ dé lẹ́tà ìkẹyìn. Ó ku bọ́tìnnì kan ṣoṣo kí àpótí dákẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bí ìkarùn-ún bá wá kú ńkọ́? Ẹni tó di ajá lẹ́nu nítorí ariwo, olè ló ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ó pa àwọn lẹ́tà náà rẹ́.

"Hẹ̀! Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" ni Ganiat ké.

"Kó máa lọ."

Bùrọ̀dá Jíbrílù kò tíì wọlé tán tí Khairiyyah fi kúnlẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú, èmi ni mo yọ ọ́, mi ò sì rántí ibi tí mo gbé e sí. Fáàrí ni mo ń ṣe fún Ganiat. Mo tún fẹ́ dá ìkìlọ̀ náà dúró, àmọ́ mi ò ṣe é mọ́."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ká ní o ṣe é ni, à bá máa kó iṣẹ́ lé àpótí tó ń kú lọ lórí. Dìde. Tẹ àṣẹ kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan sínú ẹ̀ mọ́."

Khairiyyah tẹ̀ ẹ́, kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

"Ó dáa. N óò sún ìrìn àjò mi síwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i lo máa fi dúró de kọ́kọ́rọ́, nítorí fáàrí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ni n óò fún, nítorí òtítọ́. Ẹ̀rọ tó bá lè sọ pé nǹkan òun sọnù la lè tún ṣe, Khairiyyah. Bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn."

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí wá díìsìkì. Ganiat wo abẹ́ àga. Bàbá Àrẹ̀mú ṣí fìlà rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n.

"Bàbá, inú fìlà kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ká wá ibi gbogbo!"

Láti aago mẹ́wàá ni iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń lò. Àfi bí NEPA ṣe dédé mú iná dé! Fáànù òkè yí bírí, káàdì ìgbéyàwó fò káàkiri yàrá bí ẹyẹlé tí wọ́n sọ lókò. Wọ́n ń lé e, wọ́n ń forí gbára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìdì ìwé kan ṣoṣo ni kò mira, níwájú Bàbá Àrẹ̀mú gan-an. Irin pẹlẹbẹ kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Bàbá! Díìsìkì náà rèé!" ni Khairiyyah pariwo.

"Irin yìí?" Bàbá Àrẹ̀mú gbé e sókè. "Orí ìwé mi náà lo kúkú gbé e lé. Mo ṣebí o fi bá mi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ ni. Ó mà wúwo dáadáa o!"